Gìtá oníná mi ń dún jììì lórí fúrẹ́ẹ̀tì: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akọrin Lágéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Gìtá oníná kan wà lọ́wọ́ mi, irú Stratocaster, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Òun ni mo fi ń bá akọrin ìjọ wa ní Mọdákẹ́kẹ́ ṣeré. Láti bí ọyẹ́ ti mú ni okùn kẹfà àti ìkarùn-ún, àwọn tó nípọn jù, ti ń dún jììì bí mo bá tẹ̀ wọ́n láti fúrẹ́ẹ̀tì 1 dé 4, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, tí a ń kà láti apá orí. Bí mo bá ta wọ́n láìtẹ̀ wọ́n, wọ́n ṣì ń ṣe é díẹ̀. Bí mo bá wá sún ọwọ́ lọ sápá ara gìtá, ohùn wọn á mọ́ kedere. Okùn kejì ní tirẹ̀, ojú kan péré ló ti ń yọ mí lẹ́nu, fúrẹ́ẹ̀tì 14: ohùn á kàn kú.

Ẹnì kan tó ń tún irinṣẹ́ orin ṣe wò ó, ó ní gbogbo fúrẹ́ẹ̀tì ni kí a hú dànù kí a tẹ tuntun sí i. Owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ra gìtá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?

Bọ̀dá Ẹnuwá

Àbúrò, jẹ́ kí owó rẹ ṣì wà lápò ná. Gìtá tí ohùn rẹ̀ mọ́ lápá ara, tó wá ń dún jììì lápá orí nìkan, kì í ṣe fúrẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ tán ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Bí èmi ṣe máa ń ṣe é nìyí. Yọ wáyà kúrò lára áńpù, wá ibi tó dákẹ́ jókòó sí (ẹ pa jẹnẹrétọ̀ o), mú bébà àti bírò. Ta okùn kọ̀ọ̀kan láìtẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà máa tẹ̀ ẹ́ ní fúrẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láti 1 dé èyí tó kẹ́yìn. Bí o ṣe máa ń ta á nígbà tí ìyìn bá gbóná ni kí o ta á, má rọra. Kọ gbogbo ibi tó ti dún sílẹ̀. Ibi tí ariwo bá ń gbé ni yóò fi ẹni tó ń pa á hàn. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí o kò tẹ okùn rárá nìkan ló ń dún, tó sì dákẹ́ gbàrà tí o tẹ̀ ẹ́ níbikíbi, nọ́ọ̀tì ni, ìyẹn ike funfun tí okùn ń gbà kọjá níbi tí orí ti pàdé ọrùn: ojú ihò rẹ̀ ti jìn jù. Bí ó bá jẹ́ fúrẹ́ẹ̀tì 1 sí nǹkan bí 5, ọrùn ti tọ́ jù, tàbí kó tilẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ láti 12 lọ sápá ara, àwọn sádù orí bíríìjì, ìyẹn irin kéékèèké tí okùn jókòó lé lápá ara, ló ti wálẹ̀ jù, tàbí kí ọrùn ti tẹ̀ síwájú ju bó ṣe yẹ. Ojú kan ṣoṣo lórí okùn kan ńkọ́? Fúrẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀lé e ló yọrí ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, 14 tí o sọ yẹn, 15 ni kí o lọ wò.

Ìbéèrè méjì. Ṣé o pààrọ̀ okùn láìpẹ́ yìí? Ṣé ariwo náà ń gba inú áńpù jáde, àbí etí rẹ nìkan ló ń gbọ́ ọ?

Ọmọ Ọbókun

Ìbéèrè kejì tí bọ̀dá bi í yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bí okùn ṣe ń mì ni píkọ́ọ̀pù, mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ okùn, ń gbé lọ sínú áńpù, kì í gbọ́ irin tó ń lu irin bí etí wa ṣe ń gbọ́ ọ. Ariwo tí kò bá dé inú áńpù, tí kò sì jẹ́ kí ohùn tètè kú, èmi kì í bá a jà. Ẹni tó bá fẹ́ kí okùn sún mọ́ pátákó ọrùn kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa sáré, ó ní láti gba díẹ̀ mọ́ra nínú rẹ̀.

Tẹ́nọ̀ Àtijọ́

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, okùn tó sùn sórí pátákó ló ń wù yín. Nígbà tí à ń ṣeré jùjú, okùn wa ga, ó le, a sì ń ta á di ìdájí, kò sẹ́ni tó ń wọn nǹkan kan. Kó gbé sádù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sókè, ó parí.

Bọ̀dá Ẹnuwá

Bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ká ní apá ara ni ariwo wà, ọ̀rọ̀ yín bá a mu. Ti àbúrò yìí, apá orí ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: fúrẹ́ẹ̀tì 12 ló wà ní ìdajì okùn gan-an, láti nọ́ọ̀tì dé sádù. Bí ẹ bá gbé sádù sókè ní mílímítà 1, okùn á fi ìdajì mílímítà gòkè níbẹ̀. Ní fúrẹ́ẹ̀tì 1, nǹkan bí ìdá kan nínú méjìdínlógún mílímítà yẹn ló máa gòkè. Kò tó bí bébà kan ṣe nípọn! Okùn á ga fíofío níbi tí kò ti ṣẹ̀ yín, ariwo á sì wà níbi tó wà.

Tẹ́nọ̀ Àtijọ́

Mo gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Akọrin Lágéré

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bàbá, mo dúpẹ́ o. Mo ti ṣe bí bọ̀dá ṣe wí, ohun tí mo sọ níṣàájú náà ni bébà sọ. Ó ń jáde nínú áńpù. Mo sì pààrọ̀ okùn ṣáájú ọdún tuntun lóòótọ́: .010 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, .009 ni mo rí rà (bí okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ṣe nípọn tó ní ínǹṣì nìyẹn).

Ọmọ Ọbókun

Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn!

Inú ọrùn gìtá rẹ, ọ̀pá irin kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní truss rod. Láti àwọn ọdún 1920 ni Gibson, ilé iṣẹ́ gìtá ní Amẹ́ríkà, ti ń fi í sínú gìtá, nítorí pé igi nìkan kò lè dúró ti agbára tí okùn irin fi ń fà á. Okùn ń fa ọrùn síwájú, ọ̀pá ń fà á sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn fà á lójoojúmọ́. Ẹni tó fún ọ̀pá yẹn nígbà tí .010 wà níbẹ̀, agbára .010 ló fi wọ̀n. Okùn .009 kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ bí ohùn rẹ̀ bá wà níbì kan náà, nítorí náà ọ̀pá ti borí, ó fa ọrùn sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí fún àwọn tó bá yí gbogbo okùn wálẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀ nítorí ohùn àwọn akọrin. Okùn dẹ̀, ó ń mì gbòòrò sí i, ọrùn sì tọ́. Ọyẹ́ lè dá kún un, torí igi máa ń yí ìrísí padà bí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru ọyẹ́.

Má tíì fọwọ́ kan ọ̀pá náà o. Wọ̀n ọ́n ná. Yí okùn sí ohùn tí o fi ń ṣeré. Bí o bá ní kápò, ohun tí a fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn, fi há fúrẹ́ẹ̀tì 1. Bí kò bá sí, fi ìka òsì tẹ okùn kẹfà níbẹ̀. Wá fi ọwọ́ kejì tẹ okùn kẹfà ní fúrẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn. Okùn yẹn ti di rúlà tó tọ́ nìyẹn. Wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti orí fúrẹ́ẹ̀tì 8. Lórí irú gìtá rẹ, mílímítà 0.25 ni iye tí a máa ń wá.

Mẹkáníìkì Sábó

Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni òun ti máa rí ohun tí a fi ń wọn 0.25, kó yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ọ̀kadà tó bá sún mọ́ ọn. Fílà gééjì tí a fi ń wọn àlàfo táápẹ́ẹ̀tì, ewé 0.25 wà nínú rẹ̀. Mo ń fi tèmi wọn ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, mo ń fi wọn gìtá lálẹ́. Ẹ sáà nù ún dáadáa kí epo má lọ kan pátákó.

Bí ẹ kò bá rí i yá, bébà A4 tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, èyí tí wọ́n kọ 80 sí ara páálí rẹ̀, ẹyọ kan sún mọ́ mílímítà 0.1. Méjì gbọ́dọ̀ wọ àlàfo yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹ bá ki ẹ̀kẹta bọ̀ ọ́, okùn á gbéra díẹ̀. Káàdì ATM náà wúlò. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń ṣe é káàkiri ayé, 0.76. Káàdì méjì pa pọ̀ á jẹ́ mílímítà kan àbọ̀. Iye tí Fender, àwọn tó ni Stratocaster gan-an, ń lò ní fúrẹ́ẹ̀tì 17, láti orí fúrẹ́ẹ̀tì dé abẹ́ okùn, lórí ọ̀pọ̀ gìtá wọn jẹ́ 1.6. Ẹ rí i pé kò jìnnà síra.

Akọrin Lágéré

Ẹyọ bébà kan kò wọlé. Okùn ti sùn lé fúrẹ́ẹ̀tì 5 títí dé 9.

Ọmọ Ọbókun

Ó ti tẹ̀ sẹ́yìn. O máa dẹ ọ̀pá náà. Wá ojú rẹ̀: lórí gìtá mìíràn, orí ló wà, lẹ́yìn nọ́ọ̀tì, nígbà mìíràn lábẹ́ ike kékeré kan. Lórí òmíràn, ìdí ọrùn ló wà, o sì lè ní láti tú ọrùn kí o tó rí i. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, álẹ̀n kíì mílímítà 4 tàbí 5 ló ń wọ̀ ọ́. Kíì náà gbọ́dọ̀ wọlé dé ìsàlẹ̀ kó sì há pinpin. Èyí tó bá ń mì nínú ihò yóò jẹ ojú rẹ̀ yípo, ọjọ́ yẹn gan-an ni wàá wá sanwó gidi. Ẹ̀wọ̀n kíì kan tó ní gbogbo ìwọ̀n kò wọ́n, àwọn tó ń ta irin iṣẹ́ lọ́jà ní í. Ní Iléṣà níbí, Àtàkúnmọ̀sà ni mo ti ra tèmi.

Dẹ okùn díẹ̀. Kọjú sí ihò náà gan-an, yí i sápá òsì bí ẹni ń tú síkúrù. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́, má kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin. Yí okùn padà sí ohùn, wọ̀n ọ́n. Bí ó bá kù díẹ̀, tún un ṣe. Ọrùn mìíràn kì í tètè gbọ́ràn, á tún rìn díẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, nítorí náà fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí o tó sọ pé ó parí. Bí ó bá le tí kò fẹ́ yí, má fi agbára mú un.

Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ òdìkejì, tí àlàfo fẹ̀ jù, apá ọ̀tún ni yóò yí i sí, díẹ̀díẹ̀ bákan náà.

Àṣàkẹ́ Oníbáàsì

Kí gbogbo yín tó sọ ọ̀pá di ẹbọra: kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dún jììì lára gìtá ló jẹ́ fúrẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí gìtá tí wọ́n ti yí ọ̀pá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, tó sì jẹ́ pé nọ́ọ̀tì irin kékeré (kì í ṣe ike ọrùn yẹn) tó di ọwọ́ ìyíkùn mú lórí rẹ̀ ló ti dẹ̀. Bí ariwo bá ń jáde ní ohùn kan pàtó, tó bá jẹ́ A ni, tí A yẹn sì ń dún jììì lórí okùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nǹkan kan ló ń gbọ̀n lára gìtá. Jẹ́ kí ẹnì kan máa ta ohùn yẹn, kí ìwọ máa fi ìka tẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan: ìyíkùn, irin kékeré tó tẹ okùn mọ́lẹ̀ lórí, síkúrù àti sípíríìnì píkọ́ọ̀pù, sádù, nọ́ọ̀tì ojú ihò wáyà. Èyí tí o bá tẹ̀ tó dákẹ́, òun ni. Síkúrùdíráfà lásán ti tó.

Ẹ tún ya jììì yàtọ̀ sí hùùù. Hùùù tó ń jáde nínú áńpù nígbà tí o kò ta nǹkan kan, iná ni, kò kan fúrẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá dín kù nígbà tí o fọwọ́ kan okùn, ó ń wá ilẹ̀ tí yóò gbà lọ ni: ẹ wo wáyà ilẹ̀, ojú iná àti jẹnẹrétọ̀.

Ó tún ku kan: lórí irú Stratocaster, bí píkọ́ọ̀pù bá ga jù, mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á máa fa okùn tó nípọn, ohùn á máa gbọ̀n bí ẹni pé méjì ni, pàápàá lápá ara. Ẹ sọ píkọ́ọ̀pù kalẹ̀.

Akọrin Lágéré

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bébà méjì ti ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí. Fúrẹ́ẹ̀tì 1 dé 4 ti mọ́ lórí okùn méjèèjì, èyí tó ń dún láìtẹ̀ ẹ́ náà ti dákẹ́. Ó ku 14 lórí okùn kejì. Mo fi káàdì ATM lé orí 15, mi ò rí i kó mì.

Bọ̀dá Ẹnuwá

Káàdì odindi gùn jù níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kúrú jẹ́ mílímítà 54, yóò gun fúrẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìkẹrin á sì tàn ọ́ jẹ. Mẹ́ta péré ni kó gùn: 14, 15, 16. Lórí gìtá rẹ, láti 14 dé 16 jẹ́ nǹkan bí mílímítà 31. Wá káàdì tí báńkì ti pa, gé e kí gígùn rẹ̀ jẹ́ 40, ṣùgbọ́n má fi ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì gé lé fúrẹ́ẹ̀tì, ojú tó ti ilé iṣẹ́ wá ni kí o lò. Ẹ̀yìn ayùn irin tó ṣẹ́ dára ju káàdì lọ bí o bá rí. Fi lé e lábẹ́ okùn kejì gan-an, tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, tẹ èkejì. Bí ó bá ń ṣe gbàgàgbàgà, 15 ló yọrí.

Akọrin Lágéré

Ó ń ṣe gbàgàgbàgà!

Bọ̀dá Ẹnuwá

Ó dáa. Fi igi kékeré tẹ orí 15 níbẹ̀. Ṣé ó ń wọlé, tó tún ń padà jáde? Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti tú nínú pátákó ni, ọyẹ́ sì máa ń ṣe irú èyí. Lẹ téèpù pépà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kán súpà gúlúù bíńtín sí abẹ́ rẹ̀, fi igi tó tẹ́jú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi mú. Bíńtín ni mo wí. Èyí tó bá ṣàn sórí pátákó kì í rọrùn láti ha kúrò.

Bí kò bá mì rárá, ńṣe ni wàá dín in kù. Fi máákà kun orí rẹ̀ dúdú. Fi téèpù bo pátákó. Fáìlì tó tẹ́jú tó sì kúnná, tàbí sáńpépà 400 tí o lẹ̀ mọ́ ohun tó tẹ́jú, rọra fà á kọjá lórí 15 nìkan, kí o sì máa fi káàdì wò ó léraléra. Gbàrà tí gbàgàgbàgà bá dákẹ́, dúró. Èyí tí o bá ti rẹ́ kúrò kò ṣeé lẹ̀ padà. Orí rẹ̀ á ti tẹ́ pẹrẹsẹ báyìí, bẹ́ẹ̀ òkè róbótó ló yẹ kó ní, nítorí náà rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí tí ilà máákà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á fi kù láàárín. Lẹ́yìn náà 600, 1000, 2000, kí o fi oògùn tí a fi ń dán irin parí rẹ̀. Má lo kànìnkànìn irin nítòsí píkọ́ọ̀pù o. Fúrẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síǹkì ni wọ́n pò pọ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kò ní fa ẹ̀ẹ́rún rẹ̀. Ẹ̀ẹ́rún kànìnkànìn irin, yóò fà á, kò sì ní fẹ́ jáde mọ́.

Bí o bá rí i pé fúrẹ́ẹ̀tì mẹ́rin márùn-ún ló ń mì báyìí káàkiri ọrùn, má gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìgbà yẹn ni kí o gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó fi igi gígùn kan rẹ́ gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ìyẹn náà kì í ṣe pé ká hú gbogbo rẹ̀ dànù.

Tẹ́nọ̀ Àtijọ́

Àbúrò, jẹ́ kí n bi ọ́: níbo ni o ń fi ìka tẹ̀? Ẹ̀yìn fúrẹ́ẹ̀tì gan-an, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ni ìka yẹ kó wà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láàárín méjì, tó sì ń fi ọwọ́ kejì lu okùn bí ẹni ń lu dùndún, gìtá tó dára jù lọ á dún jììì fún un. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ nínú ìyẹn.

Ti ọyẹ́, ẹ fi gìtá sínú àpótí rẹ̀, ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri tí oòrùn ń pa, ẹ má sì fi sínú bùútù mọ́tò. Bí etí fúrẹ́ẹ̀tì bá ń ha yín lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́, pátákó ló sún kì. Bí ó bá sì ti tó ìgbà òjò, kí ẹ tún àlàfo yẹn wọ̀n, torí ọrùn kì í jókòó sójú kan.

Great Ifẹ̀ 200L

Ẹ káàsán o. Tèmi yàtọ̀, okùn kẹta nìkan ni, láìtẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Nọ́ọ̀tì nìyẹn, àbí? Ṣé mo gbọ́dọ̀ ra òmíràn ni? Báàsì kan sì tún wà ní yàrá tí a ti ń ṣe rìhásà, ṣé iye kan náà la máa fi wọ̀n ọ́n?

Ọmọ Ọbókun

Nọ́ọ̀tì ni. Kí o tó rà á, tẹ okùn yẹn ní fúrẹ́ẹ̀tì 3, wo àlàfo tó wà lórí fúrẹ́ẹ̀tì 1. Ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ bíńtín là á kọjá. Bí ó bá ti sùn lé e pátápátá, ihò ti jìn. Yọ okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, fi téèpù bo agbègbè rẹ̀, bu baking soda díẹ̀ sínú ihò náà, kán súpà gúlúù kan ṣoṣo lé e. Lójú ẹsẹ̀ ló máa le. Wá fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ la ojú ihò padà, kó dà sápá orí díẹ̀. Àtúnṣe tó lè pẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ayérayé. Bí o bá fẹ́ ti ayérayé, egungun màlúù ni wọ́n fi ń ṣe nọ́ọ̀tì tó dára, a ò sì wá egungun màlúù tì nílẹ̀ wa. Sùúrù ẹni tó máa fi fáìlì gbẹ́ ẹ ló ṣọ̀wọ́n.

Àṣàkẹ́ Oníbáàsì

Ti báàsì wà lọ́wọ́ mi. Okùn rẹ̀ nípọn, ó gùn, ínǹṣì 34 lórí ọ̀pọ̀ jù lọ, nítorí náà ó ń mì gbòòrò ju ti gìtá lọ, ó sì nílò àyè. Àlàfo fúrẹ́ẹ̀tì 8, ẹ jẹ́ kó wà láàárín 0.30 sí 0.35, bébà mẹ́ta. Ní fúrẹ́ẹ̀tì 17, mílímítà 2.4 lábẹ́ okùn tó nípọn jù, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ káàdì mẹ́ta, kí ti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù jẹ́ 2. Ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, sádù tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ti gbé sádù, ẹ wo ohùn fúrẹ́ẹ̀tì 12 pẹ̀lú tuner orí fóònù, torí yóò ti yẹ̀ díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ báàsì tí gbogbo yín ń lò ni, ẹ kọ àwọn iye yẹn sórí bébà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí rẹ̀, kí ẹni tó bá kàn máa ṣeré lé e má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀pá.